Èmi àti Kóńgí la jọ ni ọjọ́ ìbí

Bàámi ò ní dáyárì. Ẹ̀yìn Bíbélì ni wọ́n ń kọ ọjọ́ ìbí àwa ọmọ wọn sí, ojú ewé funfun tó gbẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn Ìfihàn, bíírò búlúù, ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà ayé àtijọ́ tó dúró ṣánṣán bí ọmọ tó wà lórí laìnì. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, èmi ni ìkẹta: "Sátidé, 13/7/85, aago méjì òru. Ọkùnrin. Ọlọ́run ṣeun." Àbàwọ́n epo pupa kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 85 yẹn, títí dòní kò tíì sí ẹni tó jẹ́wọ́ nílé wa pé òun lòun jẹun sídìí Bíbélì.

Ibi kan ṣoṣo tí ọjọ́ ìbí mi ti pé nìyẹn o. Nígbà tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde pámárì, akọ̀wé ilé ìwé wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, yí 13 mi sí 31, ó kàn gbé nọ́ńbà yẹn kọdí síra bẹ́ẹ̀ náà ni. Bàámi lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn yẹn ní ẹ lọ búra ní kóòtù, Bàámi lọ búra, wọ́n gbé ìwé ìbúra dé, àwọn yẹn tún ní ọ̀gá ò sí lórí sííìtì, ẹ padà wá, ló bá di pé 31 ń tẹ̀ lé mi kiri láti sẹ́tífíkéètì kan bọ́ sí òmíràn. Ní báyìí, gbogbo 31 July ni báńkì mi máa ń kí mi kú oríire ọjọ́ ìbí lórí fóònù, tí wọ́n á sì yọ owó mẹ́sééjì nínú àkáǹtì mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Torí ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń ṣọ́ 13 bí ajá ń ṣọ́ egungun. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn láyé yìí tí mi ò tíì yẹ̀ wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́dún yìí, àbúrò bàbá mi kan ju nǹkan sórí WhatsApp ẹbí, irú èyí tí wọ́n ti fọ́wáàdì títí ó fi gbó, "Àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n bí lónìí", ẹni àkọ́kọ́ níbẹ̀ ni Julius Caesar. Mo rẹ́rìn-ín. Caesar yẹn gan-an, àwọn òpìtàn ò tíì fẹnu kò lórí ọjọ́ ìbí ẹ̀, àwọn kan ní ọjọ́ 12, àwọn kan ní ọjọ́ 13, oṣù yẹn nìkan ló dájú, òun náà ni wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀ sọ oṣù ọ̀hún, Julius, July, ẹ ti rí i. Èèyàn ni odindi oṣù, kò rí ọjọ́ kan pàtó pè ní tiẹ̀ nínú ẹ̀. Mo fi ìka rọ́ ọ kọjá.

Ẹni tó ni ọjọ́ yẹn lọ́dọ̀ tiwa ò kúkú ní àríyànjiyàn nínú. Kóńgí ni. 13 July 1934 ni wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká l'Ábẹ́òkúta, inú ọgbà ìjọ Áńgílíkà l'Áké ni wọ́n dàgbà sí, bàbá wọn ni hẹ́dímásítà ilé ìwé St. Peter's. Ẹ ò mọ ìyà tí ìyẹn fi jẹ mí. Ní fọ́ọ̀mù tú ni mo fi ẹnu ara mi sọ fún tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa pé èmi àti Ṣóyínká la jọ ni ọjọ́ ìbí, ó ní ó dáa, jókòó. Látọjọ́ yẹn, bí mo bá ti gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá nínú ẹ́síè, á bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀ sílẹ̀, á gbé ìwé mi sókè, á ní, "Kóńgí, kí lèyí?" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ mi lára. Àwọn tá a jọ ṣe sẹ́kọ́ńdìrì ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ lórí Facebook, ọmọbìnrin mi tiẹ̀ rò fún ìgbà kan pé mo ti kọ ìwé rí.

Gbogbo wọn ló máa ń kí mi lọ́jọ́ kẹtàlá. Màámi nìkan ló máa ń pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejìlá, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á súre, wọ́n á ní kí n má jẹ oúnjẹ tó tutù. Mo ti máa ń rò pé wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú wọn ni.

Nínú gbogbo 13 July tó ti kọjá láyé, ti 1985 gan-an ni mo fẹ́ràn jù, kì í wá ṣe tìtorí tèmi nìkan. Ọjọ́ yẹn ni Live Aid. Láti ọ̀sán gangan ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n tún ń ṣe é ní pápá JFK ní Philadelphia, àwọn olórin kóra jọ láti kówó jọ fún àwọn tí ìyàn ń pa ní Ethiopia, Bob Geldof ló wà nídìí ẹ̀. Phil Collins kọrin ní Wembley, ó kó sínú bàálù Concorde, ó sì tún kọrin ní Philadelphia lọ́jọ́ kan náà. Èmi tí mò ń sọ yìí, tí mo bá kúrò ní Ìyánà-Ìpájà ní ìrọ̀lẹ́, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé màá dé Ọ̀jọ́ọ́tà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ti ẹgbẹ́ olórin Queen ni gbogbo èèyàn máa ń sọ, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú tí Freddie Mercury fi gba gbogbo pápá yẹn mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Zanzibar ni wọ́n bí Freddie sí, ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín. Ẹni tí èmi máa ń lọ wò ní tèmi ni Ṣadé. Fọláṣadé Adú, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1959, bàbá ẹ̀ ọmọ Yorùbá, ìyá ẹ̀ nọ́ọ̀sì Òyìnbó, ìyá ẹ̀ gbé e lọ sí Ìlú Ọba ní kékeré. Ó jáde síwájú èrò tó kún Wembley fọ́fọ́ lójú oòrùn ọ̀sán, irun ẹ̀ fífà sẹ́yìn dan, kò pariwo, kò fò sókè, ó kàn ń kọrin bí ẹni tó ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ tí kò sì fẹ́ kí ará ilé gbọ́. Ìyàwó mi ní mo ti wo fídíò yẹn jù. Mo ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò la jẹ́, Ìbàdàn la ti wá.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Orin torí Áfíríkà ni o. Ẹ wá gbé tọ́ọ̀ṣì kí ẹ fi wá olórin tó ń gbé ní Áfíríkà lórí pèpéle Wembley yẹn, kí ẹ wá sọ iye tí ẹ rí fún mi. Wọ́n ti bu ẹnu àtẹ́ lù wọ́n lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Fẹlá wá ńkọ́? Fẹlá wà lẹ́wọ̀n. Wọ́n ti dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un ní 1984, lábẹ́ ìjọba ológun Buhari, lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè, oṣù Kẹrin 1986 ló tó jáde. Ẹbí sì ni Fẹlá àti Ṣóyínká, ìdílé Ransome-Kuti ni ìyá Ṣóyínká ti wá. Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo yẹn, Kóńgí pé ọmọ ọdún 51, ẹbí wọn wà lẹ́yìn gbàgede ẹ̀wọ̀n, ọmọ Ìbàdàn kan ń kọrin fún gbogbo ayé, ọmọ Ìbàdàn mìíràn wà nínú aṣọ òfì àgbà ìyá ẹ̀, ó ń ké. Tèmi nìyẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kóńgí gba Nobel, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà tó gba ti lítíréṣọ̀.

Ọjọ́ yẹn kan náà, kí n má gbàgbé, ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún Reagan ní Amẹ́ríkà, ó gbé agbára lé George Bush igbákejì ẹ̀ lọ́wọ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́jọ, Bush bàbá o, kì í ṣe ọmọ. Mo máa ń sọ èyí níbi àríyá. Kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Ó wá ku 2014. Sọ́ńdè ló bọ́ sí, mo pé 29, mo sì ti ní in lọ́kàn pé irú ọjọ́ ìbí yìí ò tún lè wá mọ́ torí ọjọ́ yẹn ni fáínà World Cup ní Maracanã, Jámánì pẹ̀lú Ajẹntínà. Jámánì ni mò ń ṣe. Kò sí nǹkan tí Jámánì fún mi o, Ajẹntínà ló ti nà wá ní 3-2 ní Porto Alegre, Musa gbá méjì wọlé, Messi náà gbá méjì, mo ṣì ń bínú. A kóra jọ sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ládùúgbò, bẹ́ǹṣì onípákó, ooru, mo ti ra mínírà fún gbogbo èèyàn tó jókòó sí laìnì mi torí ọlọ́jọ́ ìbí ni mí. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé, kò sí góòlù. Wọ́n wọ ẹ́ẹ́sítíráà táìmù. Bó ṣe kù díẹ̀ kí ó pé ìṣẹ́jú 113, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, gbùgbù, gbùgbù, ó dákẹ́. Epo tán. Inú òkùnkùn yẹn la jókòó sí tá a fi gbọ́ ariwo "góòòòlù!" láti àdúgbò kejì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbá a wọlé. Ọkùnrin kan lẹ́yìn mi ti ń jó, ó ní Messi ni, ó dá òun lójú. Ìgbà tí wọ́n fi bu epo sí i tán la tó rí i pé Götze ni, ó fi àyà gba bọ́ọ̀lù tí Schürrle gbé wá, ó fi ẹsẹ̀ òsì taari ẹ̀ sínú àwọ̀n kó tó balẹ̀. Rípléè ni mo fi wo góòlù ọjọ́ ìbí mi.

Ọjọ́ Mọ́ńdè la wá gbọ́ pé Sọ́ńdè yẹn náà ni Nadine Gordimer kú nílé ẹ̀ ní Johannesburg, ẹni 90 ọdún. Gordimer náà gba Nobel lítíréṣọ̀, ní 1991. Obìnrin funfun ni, ìjọba apartheid fòfin de àwọn ìwé ẹ̀ kan, kò sì sá kúrò nílùú. Nígbà tí Mandela fẹ́ sọ̀rọ̀ ní kóòtù ní 1964, ọ̀rọ̀ tó sọ pé òun ṣe tán láti kú yẹn, Gordimer wà lára àwọn tó bá a yẹ ìwé ẹ̀ wò. Nígbà tí Ṣóyínká náà wá ń gba Nobel ní 1986, Mandela tó ṣì wà lẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ níbẹ̀ júbà. Sọ́ńdè tí Gordimer sì kú yẹn ni Ṣóyínká pé 80. L'Ábẹ́òkúta wọ́n ń ṣe ẹ kú ọjọ́ ìbí, ní Johannesburg wọ́n ń ṣe ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo gbé fóònù dání fún ìgbà pípẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, èmi tí mo ti ń fi gbogbo òru bú oníjẹnẹrétọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù parí bọ́ọ̀lù: 13 July 1930 ni World Cup bẹ̀rẹ̀ láyé, ní Montevideo ní Uruguay, orílẹ̀-èdè 13 ló wá (13 yìí náà ni), àwọn ará Yúróòpù kan fi ọkọ̀ ojú omi wá, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí òkun. Ìdíje méjì ló kọ́kọ́ wáyé lásìkò kan náà, Amẹ́ríkà na Belgium ní 3-0, Faransé na Mexico ní 4-1. Lucien Laurent ti Faransé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Peugeot, ló gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, ìṣẹ́jú 19. Nígbà tó yá, gólì Faransé ṣèṣe, kò sì sí pàṣípààrọ̀ nígbà yẹn, wọ́n kàn fa agbábọ́ọ̀lù kan láàárín pápá pé kó lọ ṣọ́lé. Bí àwa náà ṣe ń ṣe é lójú títì nìyẹn! Laurent pẹ́ láyé débi pé ó rí Faransé gba ife ní 1998, lọ́jọ́ 12 July. Ó ku ọjọ́ kan. Ọjọ́ kan péré, ì bá di tèmi.

Àwọn yòókù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. 1793, Charlotte Corday ra ọ̀bẹ ìdáná ní Paris, ó lọ sílé Marat, ọ̀kan nínú àwọn olóṣèlú ìgbà tí Faransé dìtẹ̀ sí ọba, ó ní òun fẹ́ fún un lórúkọ àwọn ọ̀tá ìjọba, Marat wà nínú omi ìwẹ̀ torí àrùn awọ ara tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. 1944, wọ́n bí Ernő Rubik ní Budapest, òun ló ṣe kúbù aláwọ̀ mẹ́fà yẹn ní 1974, òun tó ṣe é gan-an, ó tó nǹkan bí oṣù kan kó tó lè tò ó padà. Àbúrò mi ọkùnrin tò ó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó fi ṣíbí tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀, ó wá tún un kàn.

Seretse Khama ni mi ò lè fò. 13 July 1980 ló kú, ààrẹ àkọ́kọ́ Botswana. Ọmọ ọba ni, ó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fẹ́ Ruth Williams, ọmọ Òyìnbó, ní 1948, ọ̀rọ̀ yẹn dà bí ìgbà tí wọ́n da ata sójú ìjọba South Africa, Gẹ̀ẹ́sì sì gbè lẹ́yìn wọn, wọ́n lé ọkùnrin náà kúrò nílẹ̀ baba ẹ̀. 1956 ló tó padà, ìgbà tó gbà láti fi oyè sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló di ààrẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá èèyàn kan nínú ọjọ́ yìí tí wọn ò sọ̀rọ̀ ẹ̀ tó lọ́dọ̀ wa, òun ni.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ti 1977 ló máa pa yín lẹ́rìn-ín. Alẹ́ 13 July, àrá sán lu wáyà iná ní òkè New York, wáyà kan já, ẹrù bọ́ sórí èkejì, ìyẹn náà ò gbé e, nígbà tó máa fi di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ìlú ti dúdú. Wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dáná sun ilé, ọlọ́pàá kó èèyàn tó lé ní 3,000. Alẹ́ ọjọ́ kejì kí iná tó dé tán. Ọjọ́ kan péré! Wọ́n mú iná wa lọ́jọ́ mẹ́sàn-án lọ́dún kan, kò sẹ́ni tó fọ́ fèrèsé ẹnikẹ́ni, ẹja inú fíríìjì là ń wá ibi tí a ó gbé sí.

Gbogbo èyí ni mo kọ tán lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá pe Màámi kí n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí nípa 13 July 1985, kí n lè fi ìyẹn parí ẹ̀. Mo yẹ kí n ti mọ̀. Ìdílé tí kì í fi kàlẹ́ńdà ka ọjọ́ ni Màámi ti wá. Ìyá wọn máa ń sọ pé ìgbà ogun Hítílà lòun bí àkọ́bí, pé èyí tó tẹ̀ lé e ni ọdún tí oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án, ìyẹn 1947, àbíkẹ́yìn wọn ni ti ìgbà wẹ́tì-ẹ̀, nígbà tí wọ́n ń dáná sun ilé àwọn olóṣèlú. Ọdún ò níye lórí lọ́dọ̀ wọn, ohun tí ojú rí ló níye lórí.

Mo ní, "Màámi, ẹ kú alẹ́ mà. Lọ́jọ́ tí ẹ bí mi, ẹ rántí nǹkan kan? Wọ́n ń ṣeré ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà."

Wọ́n ní, "Eré kẹ̀? Omi ọṣẹ ni mò ń wá. Ìgbà ẹsẹ́ńkò ni, a tò fún Omo títí, kò kàn mí. Òjò sì rọ̀ lóru Fúráìdé yẹn."

Mo ní, "Lóru Sátidé, mà. Aago méjì òru, Bàámi kọ ọ́."

Ẹ̀rọ dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Bàbá yín wà ńbẹ̀ ni? Ilẹ̀ ti mọ́ kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, nọ́ọ̀sì ló sọ aago fún wọn. Aago Òyìnbó ni bàbá yín kọ. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí mo bí ẹ, òru Fúráìdé mọ́jú Sátidé ni, ọmọ Fúráìdé ni ẹ́. Wọ́n máa ń ná ọjà ọjọ́ kejì láàárín òru ni?"

Mo ní, "Torí ẹ̀ lẹ ṣe máa ń pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejìlá?"

"Kí lo rò tẹ́lẹ̀?"

Ogójì ọdún! Bàámi ti di ará ọ̀run, kò sí ẹni tí mo lè gbé ẹjọ́ ọ̀hún tọ̀ lọ. Mo ṣí fọ́tò ojú ewé Bíbélì yẹn lórí fóònù mi, mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́, epo pupa, 13, ọwọ́ ìkọ̀wé tó dúró ṣánṣán. Èmi àti Julius Caesar wá di ẹgbẹ́.

Mo tẹ 12 July sí Google. Pablo Neruda jáde, òun náà gba Nobel, ní 1971. Ó ṣáà sàn ju 31 lọ. Àwọn tó ń pè mí ní Kóńgí, mi ò tíì sọ fún wọn.